Fífi ìtàn Jónà ṣe kàtúùnù fún àwọn ọmọdé: kí ni kí a yà, kí ni kí a má yà?

Olùkọ́ ọmọdé, Èbúté Mẹ́tta

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 9 ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa ní Èbúté Mẹ́tta. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí èmi àti àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n mọ àwòrán yà ti dáwọ́ lé kàtúùnù kan lórí ìtàn Jónà, tí a fẹ́ kí ó gba ìṣẹ́jú 8, kí ó sì jẹ́ èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ó mú wa dáwọ́ lé e ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo kàtúùnù Bíbélì tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wò lórí fóònù òbí wọn, débi pé ọmọ mìíràn kò mọ̀ pé Jónà tí ìyá àgbà ń sọ nílé ni Jonah tí òun ń wò lórí fóònù.

Ìwé Jónà kò gùn. Orí 4 péré ni, ẹsẹ 48. Mo rò pé kíkúrú rẹ̀ ni yóò mú iṣẹ́ náà rọrùn, ṣùgbọ́n kíkúrú náà gan-an ni ó ń dà wá láàmú, nítorí ohun tí ìwé náà kò sọ pọ̀ ju ohun tí ó sọ lọ, kàtúùnù kò sì lè dákẹ́ bí ìwé ṣe ń dákẹ́. Ìwé sọ pé nígbà tí Ọlọ́run ní kí Jónà lọ kìlọ̀ fún ìlú Nínéfè, ó sá, ó dé Jópà, ó rí ọkọ̀ tí ń lọ sí Táṣíṣì, ó san owó ọkọ̀, ó sì wọlé. Ẹni tí yóò yà á ní láti mọ irú aṣọ tí Jónà wọ̀, bí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe gùn tó, iye àwọn atukọ̀ tí ó wà níbẹ̀, àti ojú tí Jónà fi wo ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Èyíkéyìí tí a bá yà, òun ni ọmọ yóò gbà pé ó wà nínú Bíbélì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́, kí ìyá àgbà kan jókòó, kí ó ké pé “Àlọ́ o!”, kí àwọn ọmọ sì dá a lóhùn pé “Àlọ̀!”, nítorí ó mọ̀ pé ara àwọn ọmọ yóò yá. Alàgbà kan nínú ìjọ gbọ́ èyí, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tún ń jiyàn lórí aṣọ àti ọkọ̀: ẹnì kan ní kí a wọ dàńṣíkí àti fìlà fún Jónà, kí ọkọ̀ náà sì dà bí èyí tí a ń rí ní Mákòkó bí a bá ń gba orí afárá Third Mainland kọjá, kí ọmọ Èkó lè rí ara rẹ̀ nínú ìtàn náà, ẹnì kejì ní Jónà kì í ṣe ọmọ Èkó.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni orí 4, níbi tí inú ti bí Jónà pé Ọlọ́run dá Nínéfè sí. Bí a ṣe kọ ọ̀rọ̀ fíìmù náà sílẹ̀, ẹja pọ Jónà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, Nínéfè ronú pìwà dà, orin gbalẹ̀, ó parí. Ní ọjọ́ ìsinmi kan ni mo ka orí 4 sí àwọn ọmọ létí, ọmọdébìnrin kan sì bi mí pé: “Ṣé inú Jónà kò dùn pé wọn kò kú ni?” N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ọdún 11 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọdé, n kò sì kọ́ wọn ní orí 4 rí. Ṣé kí a fi í sílẹ̀, àbí kí a yà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tàbí tí ẹ ní ọmọ tí ń wò ó, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ayàwòrán, Súúrùlérè

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Iṣẹ́ àwòrán tí ń rìn ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sì kọ́kọ́ sọ ti ìṣirò, nítorí òun ni ó ń pa irú iṣẹ́ yìí sójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù jẹ́ àwòrán 24. Ìṣẹ́jú 8 yín jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 480, èyí tí ó jẹ́ àwòrán 11,520. Bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ́ kí àwòrán kan dúró nípò méjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe, 5,760 ni yóò kù, ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn kò sì lè fi ọwọ́ ya ìyẹn kí wọ́n má rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ ya Jónà lẹ́ẹ̀kan, ní wẹ́wẹ́: orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, ẹnu oríṣiríṣi lọ́tọ̀, kí ẹ so wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà bí ọmọláńgidi, kí ẹ sì máa yí wọn bí ẹ ṣe fẹ́. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà bí OpenToonz àti Blender lè ṣe é, Krita sì dára fún òkun, ògiri ìlú àti ojú ọ̀run. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lórí ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ má ya ẹnu ẹnikẹ́ni kí ẹ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn ni ó ń ṣáájú, àwòrán ẹnu ni ó ń tẹ̀ lé e. Àwọn àwòrán ẹnu tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe wọ́n fún: ẹ ó rí ẹnu tí ahọ́n ti yọ sáàárín eyín, èyí tí a kò ní í lò láéláé, ẹ kò sì ní rí ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí ó wà láàárín “o” àti “ọ”. Nígbà tí a bá pe “gb” tàbí “p”, ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n tó là. Ọmọ kò lè ṣàlàyé ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó wà níwájú òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ gba ohùn náà lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti sinmi, nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, nítorí aṣọ a máa gbé ìró tí ń ta padà mì. Ìró ìgbì òkun kò ní ná yín ju owó ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tákwá Bay.

Lórí aṣọ, èmi kò ní wọ dàńṣíkí fún Jónà, ìdí mi kì í sì í ṣe pé dàńṣíkí kò dára. Àwọn ará Nínéfè ti ya ara wọn sílẹ̀ fún wa. Ìlú náà wà létí odò Tígírísì, níbi tí Mósùlù wà ní Ìráàkì lónìí, àwọn òkúta gbígbẹ́ tí wọ́n hú nínú àwọn ààfin ibẹ̀ sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lè wo àwòrán wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí ọba tí ń dọdẹ kìnnìún, irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó lọ́ kókó-kókó, aṣọ rẹ̀ tí ó ní wajawaja létí. Òmíràn nínú àwọn òkúta náà fi bí ogun Ásíríà, ilẹ̀ tí Nínéfè wà, ṣe kó Lákíṣì, ìlú kan ní Júdà, ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Krístì hàn, pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n ń ru ẹrù wọn jáde kúrò nílé. Ìwé Àwọn Ọba Kejì 14:25 dárúkọ Jónà ní àkókò Jeroboámù ọba Ísírẹ́lì, nítorí náà ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ òkúta wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n súnmọ́ ọn ju ohunkóhun tí a lè fi ọkàn ara wa rò lọ. Bí àwọn ọ̀dọ́ yín bá wo òkúta Lákíṣì dáadáa, wọn yóò mọ aṣọ tí wọn yóò yà, wọn yóò sì tún mọ ìdí tí inú fi bí Jónà ní orí 4. Àwọn tí wọ́n ń ṣe irú èyí fún ìlú ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ sára ògiri ààfin láti fi yangàn, ni Ọlọ́run ní kí ó lọ kìlọ̀ fún.

Ẹ̀rù tí ẹ ń bà pé ọmọ yóò gba àwòrán gbọ́ ju ìwé lọ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nínú Ẹ́kísódù orí 2, ọmọbìnrin Fáráò ni ó rí Mósè létí odò. Nínú kàtúùnù The Prince of Egypt tí ó jáde ní 1998, aya Fáráò ni. Àwọn tí wọ́n ṣe é kọ ọ́ síwájú fíìmù náà pé àwọn ti yí àwọn nǹkan kan padà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wú mi lórí títí di òní, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 6 kì í ka ohun tí a kọ síwájú fíìmù.

Àgbà kan, Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo kí gbogbo yín. Alàgbà yín sọ òótọ́, olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ́ yín náà kò ní èrò búburú. Yorùbá kò fi àlọ́ pe ìtàn. Nígbà tí a bá ti ké “Àlọ́ o!”, ọmọ ti mọ̀ pé Ìjàpá ń bọ̀, pé ẹranko lè fọhùn, pé ohun tí a fẹ́ sọ kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí ẹ bá fi ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn fún Jónà, tí ẹja sì gbé e mì lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, inú àwo kan náà ni ọmọ yóò kó Jónà àti Ìjàpá sí. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà jókòó, kí àwọn ọmọ yí i ká, kí orin tí wọ́n ń gbè wà níbẹ̀; ìlànà ìsọ̀tàn wa ni gbogbo ìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó lè bá yín wí lórí rẹ̀. Igbe àlọ́ nìkan ni kí ẹ mú kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ bà, èmi sì kà á sí pàtàkì ju aṣọ lọ: báwo ni àwọn èèyàn inú fíìmù náà yóò ṣe máa pe ara wọn? Èdè Hébérù tí a fi kọ ìwé Jónà kò ní “ẹ” ti ọ̀wọ̀. “Ìwọ” ni wọ́n ń pe ọba, “ìwọ” ni wọ́n ń pe ẹrú, àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ń ka Bíbélì kò ṣàkíyèsí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá gbọ́ atukọ̀ kékeré kan tí ń wí fún àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n pé “dìde, ìwọ”, ohun tí yóò gbọ́ ni àfojúdi, yóò sì rò pé àwọn atukọ̀ náà jẹ́ ènìyàn burúkú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé Jónà fi wọ́n hàn bí ènìyàn rere: wọ́n gbìyànjú láti tukọ̀ padà sí èbúté kí wọ́n má baà ju ẹnì kan sínú òkun, wọ́n sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kí wọ́n tó jù ú. Èrò mi ni pé kí olórí ọkọ̀ pe Jónà ní “ìwọ”, nítorí ọ̀gá ni nínú ọkọ̀ rẹ̀, inú sì ń bí i; kí àwọn atukọ̀ yòókù sọ pé “ẹ”. Kí Jónà pe Ọlọ́run ní “ìwọ” bí gbogbo wa ṣe ń pè é nínú àdúrà. Ẹni tí ó mú ìròyìn dé ààfin Nínéfè lè sọ pé “Kábíyèsí”. Èyí kò fi nǹkan kan kún ìtàn; bí Yorùbá ṣe ń bá ọba sọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ má ṣe wá ọkùnrin olóhùn ńlá láti ṣe ohùn Olúwa. Nínú èdè wa, “ó” kò sọ akọ, kò sì sọ abo, ó sì jẹ́ ẹ̀bùn tí ọ̀pọ̀ èdè kò ní. Bí ẹ bá ti gbé ohùn ènìyàn kan sí i, ẹ ti gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà tí ń sọ ìtàn ka ohun tí Olúwa wí, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe kà á nílé.

Orin ńkọ́? Bí ẹ bá kọ ọ́ lórin pé “Jónà wọ ọkọ̀”, tí orin náà sì gòkè ní ìparí, “ọkọ́” tí àgbẹ̀ fi ń roko ni ọmọ yóò gbọ́. Ìyà yìí jẹ wá pẹ́ nínú àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sórí ohùn àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Marina láti 1914 di 1962, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pé kí orin ìjọ máa tẹ̀ lé ohùn èdè Yorùbá, ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá sì jáde ní 1953. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àmì náà júwe ọ̀nà fún orin.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú Bíbélì fúnra rẹ̀, odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, láti ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́. Crowther kú ní 1891, òfin Copyright Act ti Nàìjíríà ti 2022 sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà ohun tí ó kọ ti di ti gbogbo wa. Ṣùgbọ́n a ti tún àwọn ẹ̀dà tí ó wà lọ́jà lónìí ṣe, àwọn ìtumọ̀ òde òní sì ní ẹni tí ó ni wọ́n. Kí ẹ tó ka ẹsẹ kan látinú wọn sínú fíìmù tí ẹ óò gbé síta, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Nàìjíríà ní Àpápá.

Ẹ ya orí 4. Àwọn amòye tí ó wá láti ìlà-oòrùn ni ẹ fi wò ó: Mátíù orí 2 kò sọ iye wọn, inú ilé ni ó sì ní wọ́n ti bá Jésù ọmọ náà, síbẹ̀ ọmọ èyíkéyìí tí ẹ bá bi yóò ní mẹ́ta ni wọ́n, ibùjẹ ẹran ni wọ́n sì wá. Àwòrán ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán bá lè fi kún ìwé tó bẹ́ẹ̀, ó lè gé ìwé kù náà, ìran ọmọ kan yóò sì dàgbà pẹ̀lú Jónà tí kò bínú rí.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ṣómólú

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo rí nílé nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ mi ọlọ́dún 5 gbà pé òyìnbó ni Jónà, nítorí bí wọ́n ṣe yà á nínú èyí tí ó ń wò nìyẹn. Aṣọ òkúta Nínéfè tí ayàwòrán wa sọ tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kun àwọ̀ wọn bí àwọ̀ àwọn tí oòrùn ìlà-oòrùn ń pa, kí ẹ má kùn wọ́n ní funfun.

Ẹ̀rù inú ẹja kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ohun tí ó mú ọmọ mi sunkún ni ìgbà tí wọ́n ju Jónà sínú omi, nítorí pé àwọn atukọ̀ inú kàtúùnù yẹn ń rẹ́rìn-ín. Bí ojú wọn bá bàjẹ́ bí bàbá wa ṣe ṣàlàyé, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹja náà, ẹ jẹ́ kí ó ṣókùnkùn, kí a máa gbọ́ àdúrà Jónà kí a sì rí ojú rẹ̀ nìkan. Àwọn ọmọ yóò dákẹ́ wọn yóò sì gbọ́. Ẹ rántí pé ojú fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn yóò ti wò ó, nítorí náà ẹ má kó ènìyàn púpọ̀ sójú kan. Ẹ má sì gbàgbé àwọn màlúù Nínéfè tí ọba ní kí wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Inú Bíbélì ni ó wà, kò sì sí ọmọ tí kò ní fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Olùkọ́ ọmọdé, Èbúté Mẹ́tta

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará. Lálẹ́ àná ni mo ka gbogbo èsì yín sí àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì létí. A ti fi “Àlọ́ o” sílẹ̀; ìyá àgbà yóò ṣí Bíbélì lórí itan rẹ̀, yóò sì wí pé ìtàn ni òun fẹ́ sọ. A ti gé ìjì náà, tí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta tẹ́lẹ̀, kù sí ìdajì, a sì ti fi àkókò tí ó ṣẹ́ kù fún orí 4: Jónà lábẹ́ àtíbàbà ní ìlà-oòrùn ìlú, ìtàkùn tí ó hù lé e lórí, kòkòrò tí ó jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná, àti ìbínú rẹ̀.

Ìbéèrè ni Ọlọ́run fi parí ìwé náà, nípa ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ju 120,000 lọ, tí ohun ọ̀sìn sì pọ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà yóò ka ìbéèrè náà, Jónà kò ní dáhùn nítorí ìwé kò sọ pé ó dáhùn, àwọn màlúù náà yóò sì máa jẹko lẹ́yìn ògiri ìlú pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan láàárín àwọn tí ó yí ìyá àgbà ká yóò béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí. Mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà kí ọmọ náà fi ohùn ara rẹ̀ béèrè é.

Ohùn Jónà ni a kò tíì rí. Àwọn ọkùnrin tí a dán wò ń sáré sọ̀rọ̀ débi pé àmì ohùn ń bọ́ dànù. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni a fẹ́ gbà á sílẹ̀.

Àgbà kan, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ohùn mi ti gbó jù fún Jónà, ṣùgbọ́n mo lè jókòó ti ẹni tí ẹ bá yàn, kí n máa tọ́ ọ sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó sọ ọ́. Ẹ kàn sọ ilé tí ó jẹ́ fún mi. N óò gba orí Carter Bridge wá kí ilẹ̀ tó ṣú.